Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Ṣe Dókítà Ọpọlọ, àti Àpò Owó Àwọn Òbí Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó wà nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀dó sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Houston, ní Chicago, ní ìpínlẹ̀ Maryland àti káàkiri, tí wọn kì í sùn dáadáa nínú oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin ọdún. Ní oṣù méjèèjì wọ̀nyí ni lẹ́tà àwọn yunifásítì máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ń parí ilé-ìwé girama. Bí lẹ́tà bá wí pé a gba ọmọ, ilé a kún fún ayọ̀ àti ọpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ojú ewé kejì, tí a sì rí iye owó tí a ó san, ẹ̀rín a gbẹ lẹ́nu bàbá, ìyá a sì káwọ́ lérí.

Ìdílé kan tí a mọ̀ ní Houston ti bá ara wọn nínú irú ipò yìí. A kò ní dárúkọ wọn, nítorí ọ̀ràn owó ilé ẹni kì í ṣe ohun tí a ń kéde lọ́jà. Ìyá jẹ́ nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ òru, bàbá sì ń wa ọkọ̀ èrò. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù sí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ìyá bàbá wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún, a máa bá ìyá àgbà yìí sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ó ṣàkíyèsí pé ìyá àgbà mọ ohùn òun, ó sì ń gbọ́ ohun gbogbo tí òun bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òun tìkára rẹ̀ fẹ́ sọ a máa há sí i lẹ́nu. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé, kí ni ó bàjẹ́ nínú ọpọlọ ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ ṣe lè wà nínú rẹ̀ kí ó má sì lè jáde? Ó pinnu pé òun yóò kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ àti àwọn iṣan ìmọ̀lára, èyí tí wọ́n ń pè ní neuroscience, àti pé lẹ́yìn èyí òun yóò ṣe dókítà.

Lẹ́tà mẹ́ta ni ó dé bá a. Èkínní ti ilé-ìwé aládàáni kan wá, tí orúkọ rẹ̀ kàn káàkiri ayé, ní ìpínlẹ̀ tí ó jìnnà réré. Owó ọdún kan níbẹ̀, pẹ̀lú ibùgbé àti oúnjẹ, jẹ́ 88,000 dọ́là. Wọ́n sì ṣèlérí ìrànlọ́wọ́ 40,000. Èkejì ti yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Texas kan wá, ní ìlú mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo ìrànlọ́wọ́, 15,000 dọ́là ni ó kù fún wọn láti san lọ́dún. Ẹ̀kẹta ti yunifásítì kan tí ó wà nínú ìlú tí wọ́n ń gbé wá. Bí ọmọ bá ń ti ilé lọ, tí ó ń ti ilé bọ̀, 6,000 dọ́là ni yóò kù lọ́dún.

Bàbá di ti èkínní mú. Ó wí pé òun yóò ta ilẹ̀ tí òun ti rà sí Ìjẹ̀bú láti fi kọ́lé, nítorí kí ni àwọn ènìyàn yóò wí bí wọ́n bá gbọ́ pé a gba ọmọ òun sí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ tí òun kò sì rán an lọ? Ìyá wí pé òun yóò fi òru kan kún àwọn òru tí òun ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kò wí nǹkan kan. Ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tí ó wú. Nígbà tí wọ́n bi wá léèrè ohun tí àwa rò, a bá wọn jókòó sí ìdí tábìlì pẹ̀lú ìwé àti kálámù. Ohun tí a bá wọn sọ ní ọjọ́ náà ni a fẹ́ bá gbogbo òbí sọ níhìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni pé àwọn òbí méjèèjì ń ṣírò owó ọdún kan, nígbà tí ìrìn-àjò tí ọmọ wọn fẹ́ rìn jẹ́ ti ọdún méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní Nàìjíríà, ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe dókítà lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti ilé-ìwé girama, kí ó sì lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yóò kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì láti gba oyè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn fún ọdún mẹ́rin mìíràn. Lẹ́yìn tí a bá ti pè é ní dókítà, yóò tún kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn: ọdún mẹ́rin bí ó bá jẹ́ dókítà tí ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, ọdún méje bí ó bá jẹ́ èyí tí ń fi abẹ ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ. Ní ìgbà ìkọ́ṣẹ́ yìí, wọn a máa san owó oṣù fún un. Nítorí náà, ọdún mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ó gba owó lọ́wọ́ ẹni, mẹ́rin ìkẹyìn nínú rẹ̀ ni ó sì wúwo jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti wúwo tó. Ọdún mẹ́rin ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, pẹ̀lú ibùgbé àti oúnjẹ, a máa ju 250,000 dọ́là lọ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba, ti àwọn aládàáni a sì máa ju 350,000 lọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà a máa yá akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní gbogbo iye tí ẹ̀kọ́ náà bá ná an. Ṣùgbọ́n ní 2025 wọ́n ṣe òfin tuntun. Fún àwọn tí wọ́n bá kọ́kọ́ yá owó láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2026, ìjọba kò ní yá ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju 200,000 lọ. Bí owó bá kù sílẹ̀, àfi kí ó tọ báńkì lọ, báńkì a sì máa béèrè onígbọ̀wọ́. Ta ni yóò ṣe onígbọ̀wọ́ ọmọ, bí bàbá àti ìyá bá ti jẹ gbèsè dé ọrùn nítorí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́?

Àwa kò sẹ́ pé àánú wà lójú ọ̀nà. Láti 2018 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn NYU Grossman ní New York kò ti gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Ní 2024, Ruth Gottesman fi 1,000,000,000 dọ́là ta ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Albert Einstein ní Bronx lọ́rẹ kí ẹ̀kọ́ lè di ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ń béèrè àyè ní irú ibẹ̀, ìba díẹ̀ ni a ń mú. Ẹni tí ó bá gbọ́n a dúpẹ́ fún irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ná owó rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣí fún un.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè pé, ṣé orúkọ yunifásítì àkọ́kọ́ ni yóò mú ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn? Ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń béèrè kò fara sin. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ti kọ́ báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì oríṣi méjèèjì àti físíìsì, pẹ̀lú iṣẹ́ inú láàbù. Ọ̀pọ̀ ń béèrè kẹ́mísírì ti ara ohun alààyè, ìṣírò, àti mímọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ dáadáa. Wọ́n ń wo máàkì rẹ̀ ní gbogbo ọdún. Wọ́n ń wo ìdánwò MCAT, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528, èyí tí a fi ìbéèrè nípa ìwà àti èrò ọkàn ènìyàn kún ní 2015. Wọ́n ń wo bí ọmọ ti sún mọ́ àwọn aláìsàn, àti ẹ̀rí tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ sí i. Kò tó ìdajì àwọn tí ń béèrè lọ́dọọdún tí ń rí àyè. Nítorí náà, ọmọ tí ó gba máàkì gíga ní yunifásítì ìjọba sàn ju èyí tí ó lọ sí ilé-ìwé olórúkọ ńlá tí kò sì rí oorun sùn nítorí iṣẹ́ alẹ́ tí ó ń ṣe láti fi san owó, tí máàkì rẹ̀ wá rẹlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dandan pé kí oyè àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ọpọlọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣe òfin. Ẹni tí ó kọ́ ìtàn tàbí orin lè wọlé, bí ó bá ti ṣe àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí a kà sílẹ̀ lókè. Ẹ rántí Emmanuel Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, tí a bí ní 1927, ẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Yunifásítì Howard ní Washington ni ó lọ. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko ni ó fi gba oyè àkọ́kọ́ ní 1950, ó sì di dókítà níbẹ̀ náà ní 1954. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan, ó sì padà wá sí Ìbàdàn ní 1962 láti dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò kọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní neuroscience kí ó tó di dókítà, síbẹ̀ ta ni yóò wí pé kò mọ ọpọlọ?

Ẹ wo Alfredo Quiñones-Hinojosa pẹ̀lú. Láti Mexico ni ó ti wọ Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ṣiṣẹ́ alágbàṣe lóko. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí ó wà fún àwọn ará àdúgbò, ní Stockton ní California, ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Berkeley, kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard. Ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn àgbà wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré gbọ́dọ̀ kíyè sí èyí: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan fẹ́ kí a ṣe púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin. Kí ó béèrè kí ó tó fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́yé pé kí òtòṣì má ṣe na ọwọ́ sí ilé-ìwé ńlá. Iye tí a kọ sára ọjà kì í ṣe iye tí a ó san. Àwọn ilé-ìwé kan wà tí owó wọn dẹ́rù bani lójú ìwé, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni owó yóò ti kéré jù fún ilé tí kò lówó. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, Harvard kò gba owó ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ tàbí owó ibùgbé lọ́wọ́ ilé tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún kò ju 100,000 dọ́là lọ, bí ohun ìní wọn bá mọ níwọ̀n. Láti 2001 ni Princeton ti yọ owó yíyá kúrò nínú ìrànlọ́wọ́ tí ó ń ṣe. Ní Houston kan náà, níbi tí ìdílé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé, Yunifásítì Rice kéde ní 2018 pé òun yóò mú owó ẹ̀kọ́ kúrò lórí àwọn ilé tí owó ọdún wọn kò ju 130,000 dọ́là lọ, wọ́n sì ti gbé iye náà sókè láti ìgbà náà. Ẹnu ọ̀nà wọn há ní tòótọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó béèrè ní Harvard, àwọn tí a ń gbà kò tó márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní máàkì tí ó yẹ, kí ó béèrè, kí ó má ṣe jẹ́ kí iye ojú ìwé lé òun padà.

Báwo ni a ó ti mọ iye tí yóò jáde lọ́wọ́ wa? Láti 2011 ni òfin ti mú un ní dandan fún yunifásítì tí ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láti ní ẹ̀rọ ìṣírò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí òbí yóò kọ owó tí ń wọlé fún un àti iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé rẹ̀, tí yóò sì rí iye tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣe èyí kí ọmọ tó kọ̀wé béèrè rárá, kí ẹ má ṣe dúró de oṣù Kẹta. Lẹ́yìn náà ni ìwé FAFSA, tí ó sábà máa ń ṣí ní oṣù Kẹwàá. Láti inú rẹ̀ ni ẹ̀bùn ìjọba tí a ń pè ní Pell ti ń wá, èyí tí iye rẹ̀ tí ó ga jù jẹ́ 7,395 dọ́là ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, tí a kì í sì í san padà.

Ó ku ohun kan tí ó kan àwa Yorùbá ní pàtàkì. FAFSA kò mọ̀ pé ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Ìjẹ̀bú. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025, kò tún fi ti pé ọmọ méjì wà ní yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà dín iye tí a retí lọ́wọ́ òbí kù mọ́. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ni ibi iṣẹ́ kan wà tí ń bójú tó ọ̀ràn ìrànlọ́wọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ̀ ń ru, ẹ fi ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti owó ilé ìwòsàn tì í. Kì í ṣe ìtìjú. A ti rí ọ̀pọ̀ òbí wa tí wọ́n fi ìgbéraga pa ẹnu mọ́, tí wọ́n sì wá lọ yá owó tí ì bá má jẹ́ dandan.

Ọ̀rọ̀ dé orí gbèsè. Gbèsè méjì ni ó wà, wọn kò sì rí bákan náà. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè yá 5,500 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba ní ọdún kìn-ín-ní, 6,500 ní ọdún kejì, àti 7,500 ní ọdún kẹta àti ìkẹrin. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 27,000. Èyí kò ju ohun tí ọmọ lè rù lọ. Èkejì ni gbèsè tí òbí ń jẹ ní orúkọ ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Parent PLUS. Èlé rẹ̀ ju 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lórí owó tí a yá ní 2024 àti ní 2025. Òfin 2025 kan náà ti fi ààlà sí i fún àwọn tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yá a: 20,000 dọ́là lọ́dún lórí ọmọ kan, 65,000 ní àpapọ̀. Àní 65,000 náà, bí èlé bá jẹ́ 9 nínú ọgọ́rùn-ún tí a sì fi ọdún mẹ́wàá san án, ó ju 800 dọ́là lọ lóṣù. Ẹ rántí pé ọmọ méjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn àkọ́bí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ní ti ibi tí a ń gbé, àǹfààní wà nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Texas kò jẹ́ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìjọba rẹ̀ fi àyè tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá fún àwọn tí ó ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá. Ọmọ Texas tí ó kàwé ní Texas kò pàdánù nǹkan kan. Láti 2001 ni ìpínlẹ̀ náà sì ti dá ètò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní JAMP, fún ọmọ ilé tí kò lówó tí ó fẹ́ ṣe dókítà: wọ́n ń fi owó ràn án lọ́wọ́, wọ́n ń mú un lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, bí ó bá sì mú gbogbo ìlànà wọn ṣẹ, àyè ń bẹ fún un ní ọ̀kan nínú wọn. Kí ọmọ béèrè nípa rẹ̀ ní kété tí ó bá wọ yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ wádìí ohun tí ìpínlẹ̀ yín ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fojú tẹ́ḿbẹ́lú àwọn yunifásítì tí a dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Xavier ní New Orleans, tí Katharine Drexel àti àwọn arábìnrin ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀, kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ó ti wà ní iwájú nínú àwọn tí ọmọ dúdú ti ń jáde lọ di dókítà.

Nígbà náà, kí ni kí òbí béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé? Èkínní: iye owó ọdún mẹ́rin, kì í ṣe ti ọdún kan. Èkejì: ṣé ẹ̀bùn tí ẹ ṣèlérí yóò wà títí dé òpin, irú máàkì wo ni yóò sì gbé e lọ bí ọmọ bá ṣubú sí i? Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ti mú máàkì ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́gbọ́n wálẹ̀ ní ọdún kìn-ín-ní. Ẹ̀kẹta: ṣé ìrànlọ́wọ́ tí ẹ kọ sínú lẹ́tà jẹ́ ẹ̀bùn, tàbí ẹ ka gbèsè pọ̀ mọ́ ọn? Ẹ̀kẹrin: ṣé ọmọ ọdún kìn-ín-ní tàbí ìkejì lè wọ láàbù ẹ̀kọ́ ọpọlọ, ṣé wọ́n sì ń san owó fún un? Ẹ̀karùn-ún: nínú gbogbo àwọn tí ó wọlé pẹ̀lú ìpinnu láti ṣe dókítà, mélòó ni ó ṣe é? Kí ẹ fetí sí ìdáhùn yìí dáadáa, nítorí ilé-ìwé mìíràn kì í fi ìwé ẹ̀rí ti ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò ga lẹ́yìn, kí iye àwọn tí ó yege lè dára lójú.

Fún àwọn òbí tí ó wà ní Nàìjíríà tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ wa le díẹ̀. Ọmọ tí ó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìpín nínú FAFSA. Àwọn yunifásítì bíi Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst ń ran ọmọ àlejò lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń ran ọmọ onílé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í gba àlejò, àwọn mìíràn a sì ní kí ó fi owó ọ̀pọ̀ ọdún lélẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè sàn jù kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilé, kí ó sì rékọjá lẹ́yìn náà fún ìkọ́ṣẹ́, bí Olufunmilayo Olopade, tí ó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó di ògbóǹtarìgì dókítà àrùn jẹjẹrẹ ní Chicago.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi èyí kún un: ọmọ ọdún méjìdínlógún lè yí ọkàn padà. Bí ó bá rí i pé ìwádìí ni òun fẹ́ ju ìtọ́jú aláìsàn lọ, kí òbí má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ọpọlọ kì í sábà san owó. Wọn a máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn a sì fún un ní owó tí yóò fi jẹun. Láti 1964 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti ń fi owó ti ètò kan lẹ́yìn, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba oyè dókítà àti oyè ọ̀mọ̀wé pọ̀. Ọmọ tí kò bá ru ẹrù gbèsè ni ó lè yà sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù.

A padà sí ìdí tábìlì ní Houston. Nígbà tí a ti sọ gbogbo èyí tán, ọmọ gba kálámù lọ́wọ́ wa, ó sì fi mẹ́rin sọ owó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. Ó kọ 192,000. Ó kọ 60,000. Ó kọ 24,000. Àwọn òbí rẹ̀ lè mú 9,000 wá lọ́dún, òun sì lè yá 5,500 ní ọdún kìn-ín-ní. Díẹ̀ ni ó kù lára 15,000, iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò sì dí i. Ó tún béèrè nípa ẹ̀kẹta, tí owó rẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò ní láàbù ẹ̀kọ́ ọpọlọ tí yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, èkejì sì ní in. Ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó wí pé, “Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta ilẹ̀ yín. Bí mo bá lọ sí ti èkínní, owó yóò ti tán kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.”

Bàbá wo ìwé náà pẹ́. Kò dáhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá dìde, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kẹta ni bàbá pè wá lórí tẹlifóònù pé àwọn ti fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí yunifásítì ìjọba, kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún tó pé, àti pé òun fúnra òun ni òun san owó ìfẹsẹ̀múlẹ̀ rẹ̀. Ó wí pé òun pa lẹ́tà èkínní mọ́ sínú àpótí ìwé ẹ̀rí òun, nítorí ó dùn mọ́ òun pé a kọ ọ́ sí ọmọ òun.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọdé bá ń gé igi nínú igbó, àgbàlagbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ariwo orúkọ mú yín fi owó gbogbo ìrìn-àjò san owó ẹnu bodè. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, ẹ fi iye tí ẹ ní hàn wọ́n láìfi bò, kí ẹ sì jọ ṣírò ọdún mẹ́jọ lójú ìwé kan náà. Ọmọ tí ó tó láti tọ́jú ọpọlọ ènìyàn tó láti mọ iye tí ó wà nínú àpò ilé rẹ̀.